Ààlà Ilẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí: Àwọn Ìdílé Aládùúgbò Nínú Ìwé Ilẹ̀ Èkó Àtijọ́

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí fi yé ènìyàn pé ìgbésí ayé ẹnìkan kò ṣeé yà kúrò lára ti àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jókòó láti kọ ìtàn ìdílé, baba, ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ nìkan ni wọ́n máa ń tò lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni pé ìdílé náà dá nìkan gbé inú igbó. Wọn kì í bèèrè ẹni tí ó mọ ilé tirẹ̀ mọ́ ti baba wọn, ẹni tí wọ́n jọ ń fa omi nínú kànga kan náà, tàbí ẹni tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ tí a fi ilẹ̀ náà hàn wọ́n. Ìtàn tí a bá kọ báyìí a máa tètè dé òpin, nítorí nígbà tí orúkọ baba ńlá kan bá pòórá, kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà tọ ipasẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ní Èkó, irú ìwé kan wà tí ó pa orúkọ àwọn aládùúgbò mọ́ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Ìwé ilẹ̀ ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní in lọ́kàn láti ran ìtàn lọ́wọ́; ohun tí ó ń wá ni bí yóò ṣe sọ ibi tí ilẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, kò sì sí ọ̀nà tí ó rọrùn fún un ju pé kí ó dárúkọ àwọn tí ilẹ̀ wọn yí i ká. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé orúkọ tí ó wà ní ààlà sábà máa ń wúlò fún òpìtàn ju orúkọ tí ó wà ní òkè ìwé lọ. Orúkọ òkè ìwé ń sọ ẹni tí ìjọba bá ṣe àdéhùn. Orúkọ ààlà ń sọ ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀.

Kí ìwé tó dé, Èkó ní ọ̀nà tirẹ̀ láti mọ ààlà. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí wọ́n ń tọ ipasẹ̀ ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́fin, ni wọ́n ni ilẹ̀ ní erékùṣù náà àti ní etí ọ̀sà tí ó yí i ká. Lára wọn ni Olúmẹ́gbọ́n, Àrómirẹ́, Ọlọ́tọ̀, Ọ̀jọrà, Onírù àti Olúwa. Àlejò tí ó bá fẹ́ ilẹ̀ yóò lọ bá olóyè tí ó ni àdúgbò náà, a ó sì fi ibi tí yóò kọ́lé sí hàn án lójú àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Pèrègún tí a gbìn, ògiri, kànga, ojú ọ̀nà tàbí etí omi ni ààlà; ìrántí àwọn tí ó dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ó sì dúró fún ìwé. Bí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, aládùúgbò ni a ó kọ́kọ́ pè kí ó wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí tàbí ohun tí baba rẹ̀ sọ fún un.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Láti ìgbà náà ni àwọn Sàró láti Fìrítáùn, àwọn Àgùdà láti Bùràsíìlì àti Kúbà, àti àwọn oníṣòwò òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ìlú náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé níbi tí ìwé ti ní agbára, wọ́n sì ń fẹ́ ìwé lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà. Dòsùnmú, tí ó jọba lẹ́yìn ikú Akíntóyè ní ọdún 1853, fún púpọ̀ nínú wọn ní ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó sì fi ọwọ́ sí àdéhùn tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò ṣàìsí nínú rẹ̀. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lára ìwé rẹ̀ ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìbílẹ̀ mìíràn tí ó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà. Lójú àwọn Ìdẹ́jọ, èyí kò bá àṣà mu, nítorí oyè ni ti ọba, ṣùgbọ́n tiwọn ni ilẹ̀. Láti inú gbólóhùn kan yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ṣẹ̀ ní àádọ́rin ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò pẹ́ kí ó tó rí i pé òun kò mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ wo. Ní ọdún 1863, ó ṣe òfin kan tí ó yan àwọn ènìyàn láti wádìí àwọn tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ tòótọ́ ní Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìjọba mọ òun sí onílẹ̀ ní láti wá síwájú wọn, kí ó sọ bí ilẹ̀ náà ṣe dé ọwọ́ òun, kí ó sì mú ẹlẹ́rìí wá. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, a ó fún un ní ìwé tí àwọn amòfin ń pè ní Crown Grant, èyí tí àròkọ yìí yóò máa pè ní ìwé ilẹ̀ ìjọba. Ìjọba ń bá a lọ láti fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1883, òfin mìíràn jáde nípa fíforúkọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀, kí ìwé títà, yíyáni àti ìní lè wà ní ojú kan tí a ti lè wá wọn rí.

Bí a bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìlànà kan ni a ó bá nínú rẹ̀. A ó rí orúkọ ẹni tí a fún, orúkọ àdúgbò tàbí òpópó, ìwọ̀n ilẹ̀ náà ní ẹsẹ̀ bàtà, àti ààlà rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin. Níbi ààlà ni a ti máa ń kà á pé ilẹ̀ Lámọ́rín ni ó wà ní àríwá, ilẹ̀ Tàmẹ̀dò ní ìlà oòrùn, òpópó ní gúúsù, ilẹ̀ tí a kò tí ì kọ́lé sí ní ìwọ̀ oòrùn. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà nìkan kò tó, nítorí ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kò tí ì sí òpó sìmẹ́ńtì tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ káàkiri ìlú. Igun ògiri tàbí bèbè ọ̀nà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í na ṣéènì. Bí ògiri bá wó, tí ọ̀nà sì yí padà, kò sí ohun tí yóò fi ibẹ̀ hàn mọ́ bí kò ṣe orúkọ aládùúgbò.

Ìwúlò ìwé wọ̀nyí fún òpìtàn hàn gbangba nígbà tí a bá so wọ́n pọ̀. Ká ní a rí ìwé Àjàyí tí ó sọ pé Dàda ni ó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀. Bí a bá wá ìwé Dàda rí, ó yẹ kí Àjàyí wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì ti fi ohùn ṣọ̀kan, ilẹ̀ méjì náà sì ti fara kan ara wọn bí a ti ń so ẹní mọ́ ẹní. Ṣùgbọ́n ká ní ìwé Dàda, tí a kọ ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ti Àjàyí, sọ pé àwọn ọmọ Àjàyí ni ó wà ní ìwọ̀ oòrùn. A ti rí nǹkan méjì kọ́ nìyẹn: Àjàyí ti kú láàárín ọdún mẹ́fà náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì tà á, wọn kò sì tí ì pín in. Bí ó bá sì jẹ́ pé orúkọ àjèjì kan ni a bá níbẹ̀, ó yẹ kí a wá ìwé títà tàbí ẹjọ́ gbèsè kan nínú àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́fà yẹn. Dàda yìí sì lè jẹ́ ẹni tí kò gba ìwé rí láyé rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé Àjàyí, a kì bá tí mọ̀ láéláé pé ó gbé ibẹ̀.

Ohun tí ó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo ará Èkó ni ó wá ìwé ilẹ̀. Àwọn oníṣòwò, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ni wọ́n tètè ń wá a, nítorí ìwé ni wọ́n fi ń ṣe ìdúró láti gba ọjà àwìn lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó. Púpọ̀ nínú àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí ìdí tí wọn yóò fi lọ tọrọ ohun tí ó ti jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka orúkọ àwọn tí a fún ní ìwé nìkan yóò rò pé àlejò ni ó kún Èkó. Ẹni tí ó bá ka àwọn ààlà yóò bá àwọn onílé níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti so àwọn ìwé pọ̀ báyìí, ó tọ́ kí a tẹ́ wọn sórí àwòrán ilẹ̀. Èyí tí ó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni àwòrán ìlú Èkó tí W. T. G. Lawson, ọ̀kan nínú àwọn awọnlẹ̀ ìjọba, yà ní ọdún 1885 fún ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1886. Lára àwòrán náà ni a ti lè rí bí ìlú ti pín. Ìsàlẹ̀ Èkó wà ní àríwá níbi tí ààfin ọba wà. Olówógbowó, níbi tí àwọn Sàró tẹ̀dó sí, wà ní ìwọ̀ oòrùn. Pópó Àgùdà wà láàárín sí apá ìlà oòrùn. Ilé àwọn oníṣòwò òyìnbó sì tò lọ ní etí ọ̀sà ní Màríínà. Àwòrán náà kò sọ orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó fi òpópó àti ilé hàn, ìwé ilẹ̀ sì ní orúkọ tí a ó fi kún un.

Ní Pópó Àgùdà, kíka ààlà a máa gba òpìtàn lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti Bùràsíìlì dé ń jẹ́ da Silva, da Costa, Pereira tàbí Martins, nítorí ní oko ẹrú, orúkọ olówó ẹni tàbí ti ẹni tí ó ṣe baba ìsàmì fún ni ni a sábà máa ń jẹ́. Ènìyàn méjì lè jẹ́ da Silva kí ọ̀kan wá láti Ọ̀yọ́, kí èkejì sì jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Òpìtàn tí ó bá gbára lé orúkọ nìkan yóò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Bí ó bá tẹ̀ lé ààlà, tí ó sì rí i pé ìdílé méjì gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń ṣe ẹlẹ́rìí nínú ìwé ara wọn, tí ọmọ ọ̀kan sì fẹ́ ọmọ èkejì nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti rí okùn tí ó so wọ́n pọ̀ nítòótọ́ nìyẹn, bí orúkọ wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a ṣe ní Olówógbowó, níbi tí ó ti tọ́ kí a bèèrè bóyá àwọn tí ilẹ̀ wọn kan ara wọn ti jọ gbé abúlé kan náà ní Sàró kí wọ́n tó wọkọ̀ padà wá sílé.

Ìlú kékeré kan tún wà tí a lè fi wé e ní òdìkejì ọ̀sà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, rúkèrúdò ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé. A fọ́ ilé ìsìn àti ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àti àwọn Sàró sì sá wá sí Èkó. John Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gòlóbà, ni ó ń ṣe olórí ìjọba níbẹ̀ nígbà náà. Ó wá ilẹ̀ fún wọn ní Ẹbúté Mẹ́ta, lórí ilẹ̀ Ọlọ́tọ̀, ó la òpópó tí ó tọ́ gbọrọgbọrọ síbẹ̀, ó sì pín in fún wọn ní ìpín-ìpín. Níhìn-ín, awọnlẹ̀ ni ó ṣáájú, àwọn aládùúgbò ni ó tẹ̀ lé e. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé ni ó ti kọ́kọ́ wà kí ìwé tó wá bá a. Ṣùgbọ́n bí awọnlẹ̀ tilẹ̀ fi okùn pín ilẹ̀ dọ́gba, àwọn tí ó gbà á kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ìjọ kan náà àti ìlú kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ẹni tí ó bá ń wá ìdílé Ẹ̀gbá kan tí ó sọnù ní ọdún 1867, kí ó wo Ẹbúté Mẹ́ta, kí ó sì wo àwọn tí ó yí i ká.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ tó bí ó ti jinlẹ̀ ní Ẹpẹ́tẹ̀dó. Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ti pìtàn: àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí a lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Balógun rẹ̀ ni Òṣòdì, ọmọ Tápà, tí a mú wá sí Èkó ní ẹrú, ṣùgbọ́n tí akíkanjú rẹ̀ sọ di ọ̀kan nínú àwọn olóyè tí ó lágbára jù. Ní ọdún 1862, ìjọba gbà kí wọ́n padà. A fún Òṣòdì ní ilẹ̀ ní apá ìlà oòrùn ìlú, ó sì pín àwọn ènìyàn rẹ̀ sí agboolé 21 níbẹ̀. Nínú agboolé wọ̀nyí ni ìdílé rẹ̀ wà, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àti àwọn àrótà, èyíinì ni àwọn ẹrú àti ọmọ ẹrú tí wọ́n ti di ará ilé. Òṣòdì kú ní ọdún 1868. Ní ọdún 1869, ìjọba fúnni ní ìwé 21, ìwé kan fún agboolé kan, wọ́n sì kọ orúkọ olórí sí i.

Ẹni tí ó bá to ìwé 21 wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí a ti to ilé wọn, ti ní ohun tí kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́. Ó ti rí ètò àwọn tí ó jọ jẹ ìyà ìlélùú, tí wọ́n jọ jagun, tí wọ́n sì jọ padà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìwé ti tan ènìyàn jù. Orúkọ kan ni ó wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà nínú agboolé. Ní èdè òfin Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀, ó lè tà á, ó lè fi yá owó, ó sì lè fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó wù ú. Ní àṣà ilẹ̀ yìí, olórí agboolé ń tọ́jú ilẹ̀ fún gbogbo ilé ni. Ọmọ rẹ̀ lè wá rò pé ti baba òun nìkan ni, àrótà tí ó ti ń gbé yàrá kan láti ìgbà baba ńlá rẹ̀ sì lè jí lọ́jọ́ kan kí ó gbọ́ pé a ti ta ilẹ̀ mọ́ òun lórí.

Àwọn ilé ẹjọ́ jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Èyí tí ó kọ́kọ́ lókìkí kì í ṣe ti Ẹpẹ́tẹ̀dó. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, sì béèrè owó ilẹ̀ náà. Ẹjọ́ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá olóyè náà lọ sí òkè òkun. Kò sí ẹni tí ó yẹ fún ìrìn àjò náà ju òun lọ. Awọnlẹ̀ ni, ìjọba ti rán an lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1890, ó sì ti ṣe awọnlẹ̀ ilẹ̀ ìjọba ní Èkó kí ó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún náà. Àwọn ìwé àti ààlà ilẹ̀ Èkó ti kọjá lábẹ́ ojú rẹ̀. Ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ náà dájọ́ pé fífi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ kò pa ẹ̀tọ́ tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní lórí ilẹ̀ wọn rẹ́, àti pé ilẹ̀ àjọni ni ilẹ̀ tí olóyè náà ń tọ́jú.

Ní ọdún 1930, ọ̀rọ̀ Ẹpẹ́tẹ̀dó náà dé iwájú ìgbìmọ̀ yìí kan náà, láàárín ìdílé Òṣòdì àti àwọn tí wọ́n ń gbé inú agboolé. Ìdájọ́ náà fi hàn pé ìwé ọdún 1869 kò gbé àṣà ìbílẹ̀ kúrò kí ó sì fi òfin Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìjọba yan Sir Mervyn Tew láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Èkó, àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ sì ni òfin mẹ́rin tí ó jáde ní ọdún 1947. Ọ̀kan wà fún ìwé ilẹ̀ ìjọba ní Èkó lápapọ̀, ọ̀kan fún ilẹ̀ tí Gòlóbà pín, ọ̀kan fún àwọn àrótà, ọ̀kan sì wà fún Ẹpẹ́tẹ̀dó. Pé ìjọba ní láti ṣe odidi òfin nítorí àwọn àrótà, ní ọdún méjìdínlọ́gọ́rin lẹ́yìn tí a ti kọ ìwé náà, ti tó láti fi hàn bí orúkọ kan ṣoṣo lórí ìwé ti kéré tó sí òtítọ́ ohun tí ó wà nílé.

Nítorí náà, ìkìlọ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹni tí yóò lo ìwé wọ̀nyí fi sọ́kàn. Ìkìlọ̀ èkíní ni ti orúkọ. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ni ó kọ púpọ̀ nínú wọn, ohun tí etí rẹ̀ bá sì gbọ́ ni ó ń kọ. Nínú àdéhùn ọdún 1861 pàápàá, Docemo ni a kọ orúkọ ọba sí. Bí orúkọ ọba bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó retí fún orúkọ alápatà tàbí apẹja? Ẹnìkan náà sì lè ní orúkọ àbísọ, orúkọ ìsàmì àti orúkọ ìnagijẹ, kí ó fara hàn ní ìwé mẹ́ta bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ni. Ibùgbé rẹ̀ ni yóò fi í hàn: bí orúkọ mẹ́ta bá wà ní ojú kan náà, láàárín àwọn aládùúgbò kan náà, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n.

Ìkìlọ̀ kejì ni pé ìwé kò lè dá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Oríkì agboolé, orúkọ kànga, ìtàn bí igi kan ṣe dé ojúde, àti ìwé ìsàmì àti ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ni ó yẹ kí a fi ti ìwé ilẹ̀ lẹ́yìn. Bí àrọ́bá àti ìwé kò bá bá ara wọn mu, kí òpìtàn má ṣe yára dá ọ̀kan lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé àrọ́bá ń sọ ti gbogbo ilé, kí ìwé sì máa sọ ti ẹnìkan.

Ìkìlọ̀ kẹta ni ó wúwo jù. Ẹni tí ó bá ń tú ìwé ilẹ̀ yóò bá ohun tí àwọn ìdílé kan kò fẹ́ kí a gbọ́. Yóò rí ẹni tí ó ti jẹ́ àrótà lábẹ́ ta ni, yóò sì rí ẹni tí gbèsè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣòdì fúnra rẹ̀ ti ìgbèkùn dé ipò olóyè, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn a máa fi ìtàn bú ara wọn, a sì máa fi pe ara wọn lẹ́jọ́. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti fi hàn bí àwọn ènìyàn ṣe jọ gbé pọ̀. Pípín ilẹ̀ fún àwọn tí ó wà láàyè kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ó tún yẹ kí a kíyè sí i pé bí iṣẹ́ awọnlẹ̀ ti ń dára sí i ni orúkọ aládùúgbò ń parẹ́ nínú ìwé. Òfin ọdún 1935 mú ètò mìíràn wá sí Èkó, nínú èyí tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti àwòrán tí a wọ̀n dáradára. Ẹni tí ó bá ní nọ́ńbà àti òpó ààlà kò nílò láti mọ ẹni tí ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó lè ta ilẹ̀. Fún olùrà, àǹfààní ńlá ni èyí. Fún òpìtàn, ìlẹ̀kùn kan ti tì. Láti ọdún 1955 ni ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí ó há gádígádí ní àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó tó bí 70 éékà, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè ní òdìkejì ọ̀sà. Àwọn agboolé tí ó ti fara kan ara wọn láti ìgbà Dòsùnmú túká. Ẹni tí ó ti mọ ohùn aládùúgbò rẹ̀ láti inú yàrá wá di ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ kí ó tó lè rí i. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ìwé tí ó sọ ti àríwá àti gúúsù, ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, ni ó kù tí ó mọ bí wọ́n ṣe jókòó tì ara wọn.

Iṣẹ́ tí ó kù láti ṣe pọ̀, kò sì kọjá agbára ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè mú òpópó kan ṣoṣo ní Olówógbowó tàbí Ẹbúté Mẹ́ta, kí ó wá gbogbo ìwé tí ó bá kàn án láàárín ọdún 1863 àti 1885, kí ó sì tò wọ́n sórí àwòrán Lawson. Olùkọ́ lè rán àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé wọn, kí ibéèrè náà má sì mọ lórí orúkọ baba ńlá nìkan. Kí wọ́n bèèrè orúkọ àwọn tí ó ń gbé apá ọ̀tún, apá òsì, iwájú àti ẹ̀yìn ilé náà, àti ìlú tí oníkálukú wọn ti wá. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Bí a bá ṣe èyí ní àdúgbò mẹ́wàá, a ó ní ìtàn Èkó kan tí kò mọ lórí àwọn ọba, àwọn gómìnà àti àwọn ọlọ́rọ̀, nínú èyí tí ẹni tí kò ní ìwé rí yóò wà ní àyè rẹ̀ gan-an, láàárín àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.